Tíṣà, Má Torí Iṣẹ́ Pa Oògùn Tì

Ìwé tí mo rí gbà lọ́sẹ̀ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni n óò dá lóhùn, nítorí ọjọ́ ti súnmọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Bàbá onílé tí ayálégbé kò sanwó fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù dè mí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Tíṣà ni ẹni tí ó kọ ìwé náà. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ìlú òun, bẹ́ẹ̀ náà ni n óò sì ṣe. Ọdún kọkànlá rèé tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan. Ní ọdún tí ó kọjá, oorun dá lójú rẹ̀ pátápátá. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ohùn náà sì ń sọ fún un pé àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbìmọ̀ láti pa á. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, ó fi kíláàsì sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà oko lọ láìwọ bàtà. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ tí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tí kò gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́lẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin rèé tí ó ti padà sílé. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ohùn náà ti dákẹ́, òun ni ó sì ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ti kọ̀wé sí i pé kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, èyí tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré.

Ayọ̀ ni kò yẹ kí ó jẹ́ bí? Ẹ gbọ́ ohun tí ó kọ: “Bàbá, oògùn tí mo ń lò lálẹ́ ni ó ń dà mí láàmú. Oorun rẹ̀ kì í dá lójú mi bọ̀rọ̀ títí di agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ agogo mẹ́jọ ni à ń wọ kíláàsì. Bí mo bá ń tòògbé níwájú àwọn ọmọ, wọn yóò ní wèrè mi kò tíì lọ. Mo ti pinnu láti dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ ìwọlé, kí ojú mi lè dá. Ṣé mo ṣe é re?”

Rárá o, ọmọ mi. O kò ṣe é re. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ dá oògùn náà dúró. Padà lọ bá dókítà tí ó fún ọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí o sì sọ ọ́ fún un bí o ti sọ ọ́ fún mi gan-an: agogo báyìí ni mo ń lò ó, agogo báyìí ni oorun ń dá lójú mi, agogo báyìí ni iṣẹ́ mi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnu rẹ bá ń gbẹ, bí ọwọ́ tí o fi ń mú ṣọ́ọ̀kì bá ń gbọ̀n, sọ ìyẹn náà. Ó lè ní kí o máa lò ó ní ìrọ̀lẹ́ dípò òru. Ó lè dín in kù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ojú rẹ̀. Ó lè pa á dà sí irú mìíràn tí kì í fa oorun tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ pàápàá wà tí à ń gbà ní oṣooṣù tàbí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí kò ní jẹ́ kí ènìyàn máa ka hóró oògùn lójoojúmọ́. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì lè yan èyíkéyìí nínú wọn fún ọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀nà pọ̀, àti pé nínú gbogbo wọn, èyí tí ìwọ yàn ni ó burú jù.

Ìdí tí ó fi burú ni pé àìsàn yìí kì í padà ní ọjọ́ kejì tí a bá dá oògùn dúró. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò dán an wò. Ó lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè dákẹ́ fún oṣù méjì. Ojú yóò dá, ara yóò fúyẹ́, ẹni náà yóò sì máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “O ò rí i, mo ti sọ fún ọ pé n kò nílò rẹ̀ mọ́.” Àárín tááàmù, nígbà tí ìwé ìdánwò tí kò tíì máàkì bá ga tó orúnkún, ni oorun yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí dá lójú. Nígbà náà kì í ṣe ìtòògbé ni àwọn ọmọ yóò rí.

Ìyá ọlọ́jà tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dá a dúró nítorí pé ó fẹ́ lọ ná ọjà. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kì í sọ pé òun yóò fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ títí ìgbà ìsinmi. Àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dá wó náà ń bẹ nínú ẹ̀yin tí ń kàwé yìí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oògùn tiyín máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń ní kí a máa lò ó lọ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Lẹ́yìn tí ara bá ti yá ni mo wí o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ẹsẹ̀ kọ.

Mo jókòó, mo ń rò ó pé kí ló lè mú kí ọlọ́gbọ́n ènìyàn, olùkọ́ ìṣirò, ronú bí tíṣà yìí ti ronú. Kì í ṣe oorun ni ó ń bà á lẹ́rù. Ẹnu wa ni. Àwa Yorùbá ní òwe kan tí kò dùn mọ́ mi nínú rárá: a ní bí wèrè bá tilẹ̀ sàn, kò ní ṣàì ku èyí tí yóò fi máa dẹ́rù ba ọmọdé. Bí a bá ti fi òwe yìí dé ẹnìkan lórí bí fìlà, ó parí. Bí ó bá bínú, a ó ní ó ti ń padà bọ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, a ó wo ara wa lójú. Bí ó bá dákẹ́, a ó sún àga wa sẹ́yìn. Mo ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, mo sì mọ iye olùkọ́ tí ń sùn lórí tábìlì lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹ̀bà tán, tí itọ́ wọn sì ń kán sórí ìwé àwọn ọmọ. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní wèrè rí.

Mo ní àbúrò obìnrin kan tí ń ta aṣọ ní ọjà kan ní Ìbàdàn. Ó gbà mí láyè kí n sọ ìtàn rẹ̀, ó tilẹ̀ ní kí n má gbàgbé ti àwọn onígbèsè. Àìsàn tirẹ̀ jẹ́ olójú méjì. Nígbà mìíràn yóò gbé e sókè, yóò máa rò pé gbogbo Èkó ni òun lè rà. Nígbà mìíràn yóò gbé e sọlẹ̀ tí kò ní lè dìde wẹ̀. Ní ọdún 2016, òru mẹ́sàn-án ni kò fi ojú ba oorun, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ó lọ sí Èkó, ó kó aṣọ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á láwìn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti yin gèlè rẹ̀. Nígbà tí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ìsọ̀ ti ṣófo, owó kò sì sí lápò.

Nígbà tí ó padà dé ọjà ní ọdún 2017, ó mú ìwé àwìn rẹ̀ jáde, ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Wọ́n ní, “Ẹ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni, Ìyá. Ara yín kò yá nígbà náà, ẹ ti gbàgbé.” Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ìwé wèrè ni ìwé náà, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí yóò gbà á. Àbúrò mi kò bá a jà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà. Ìyá àgbà náà pe àwọn onígbèsè jọ, ó wò wọ́n títí, ó ní, “Bí ìwé bá jẹ́ ìwé wèrè, aṣọ wèrè ni aṣọ náà. Ẹ lọ bọ́ ọ wá.” Ìdajì wọn san án kí oṣù tó parí. Àwọn yòókù kò tíì san án títí di òní, ṣùgbọ́n wọn kò tún pè é ní wèrè létí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí tíṣà rí nínú ìtàn yìí ni bí ó ti padà. Kò ṣí ìsọ̀ bí ó ti ń ṣí i tẹ́lẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọ̀sán ni ó ń dé, agogo mẹ́rin ni ó sì ń lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń jókòó tì í. Kò sí títà láwìn, kò sí rírà láwìn. Ó tún ṣe òfin kan fún ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é, nígbà tí orí rẹ̀ dá ṣáká: ọjà tí ó bá ju ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà lọ, ó gbọ́dọ̀ sun òru méjì lé e kí ó tó sanwó. Ó sọ fún èmi, ó sọ fún ọmọ rẹ̀, ó sì sọ fún ẹni tí ń kó aṣọ fún un ní Èkó. (Owó ti di yẹpẹrẹ báyìí, ó ti gbé iye náà sókè, ṣùgbọ́n òru méjì náà kò yí padà.)

Ó kọ àmì àìsàn náà sí ẹ̀yìn ìwé àwìn rẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé igbe ni àmì àkọ́kọ́, tàbí kí ènìyàn máa já aṣọ ya. Rárá. Ní tirẹ̀, kí ó má sùn fún òru méjì kí ó má sì rẹ̀ ẹ́ ni. Kí ó wé gèlè òde ìyàwó wá sí ọjà lásán ni. Kí ó máa tẹ ènìyàn láago ní agogo méjì òru ni. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti rí méjì nínú wọn, yóò sọ̀rọ̀, òun náà kò sì ní jiyàn. Ilé ìwòsàn ni wọn yóò gbà lọ lọ́jọ́ náà. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2021. Wọ́n tún oògùn rẹ̀ ṣe, ó sinmi nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì padà sí ìsọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ rò pé ó lọ síbi ìsìnkú ni.

Tíṣà, jókòó pẹ̀lú ìyàwó rẹ, kí ẹ jọ kọ tirẹ. Òun ni ó rí ọ nígbà tí ìwọ kò rí ara rẹ.

Ohun tí mo ń sọ nípa iṣẹ́ àti ìwòsàn yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ ti Yábàá ní ọdún 1907, ibi tí à ń kó wọn pamọ́ sí ni, kì í ṣe ibi tí à ń wò wọ́n sàn. Àfi ìgbà tí ó di ọdún 1954, tí ọmọ Abẹ́òkúta kan, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, tí wọ́n bí ní ọdún 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró. Wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Kò dúró dè é. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tí ó yí Aró ká, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan yóò mú ìbátan kan dání, bóyá ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa se oúnjẹ tí yóò sì máa sìn ín. Lówùúrọ̀ wọn yóò wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà wọn yóò padà sí abúlé, wọn yóò ro oko, wọn yóò sì jókòó láwùjọ bí ọmọ ènìyàn. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè ń wá wò ó, ní ọdún 1961 sì ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìpàdé ní Abẹ́òkúta níbẹ̀. Lámbò di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968, ó sì tún di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà, kí ó tó kú ní ọdún 2004.

Ó bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, kò fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ewé, ẹ mọ asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn bàbá wa fi ń tọ́jú wèrè. Ìbátan igi yẹn ní ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn òyìnbó ti rí oògùn kan tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní nǹkan bí ọdún 1954 náà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da àgbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ oògùn dókítà o. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà Aró ni pé wọn kò ní kí aláìsàn sàn tán pátápátá kí wọ́n tó fi ọkọ́ lé e lọ́wọ́. Ọkọ́ náà wà lára ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé ó ń gba oògùn láàárọ̀ kí ó tó mú ọkọ́ lọ́sàn-án, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni ní kí ó kọ igba ebè lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, tíṣà, má ṣe dúró di ọjọ́ ìwọlé. Lọ rí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ nígbà tí ọgbà bá ṣì dá. Mú ìwé dókítà lọ́wọ́. Kò pọn dandan kí o ròyìn ohùn tí o gbọ́ fún un. Ohun tí ó kàn án ni ohun tí o lè ṣe àti ohun tí o kò tíì lè ṣe. Sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ má fún mi ní kíláàsì kí agogo mẹ́wàá tó lù. Ẹ fún mi ní kíláàsì mẹ́ta dípò mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn mú àwọn àṣekágbá títí di tááàmù kejì. Ọjọ́ báyìí ni mo ń lọ rí dókítà.” Ẹni tí ó bá dárúkọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀gá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tí ó kàn sọ pé kí wọ́n ṣàánú òun, ọ̀gá kò mọ ohun tí yóò ṣe fún un.

Nínú yàrá àwọn olùkọ́, yan ẹnìkan tí yóò mọ òtítọ́. Fún àwọn aṣòfófó, ìdáhùn kan tó: “Ara mi kò yá, mo gba ìtọ́jú, mo ti padà, ẹ ṣeun.” Kí o sì bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò dán ọ wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í jẹ́ kí irú ìyẹn kọjá. Bá wọn wí bí o ti ń bá wọn wí tẹ́lẹ̀, kí o sì kọ ìṣirò sójú pátákó.

Yóò rẹ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yóò rẹ̀ ọ́ dé egungun, kì í sì í ṣe pé àìsàn ti padà. Ẹni tí kò rìn fún ọdún kan ni ó tún ń rìn. Máa tètè sùn. Mo mọ̀ pé gbèsè wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n má gba iṣẹ́ lẹ́sìn alẹ́ ní tááàmù yìí. Fi ọtí sílẹ̀. Ní ti àìsùn ilé ìjọsìn, àdúrà dára, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n bẹ àwọn aṣáájú kí wọ́n bá ọ gbà á lọ́sàn-án. Olúwa kì í sùn. Ìwọ ní láti sùn.

Mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tí ó tó iṣẹ́ ṣe lágbàáyé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ní irú àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Bí a bá fi ìwọ̀n yẹn wọn olùkọ́ 40, mẹ́fà ni. Ẹ kò rí wọn nítorí pé wọ́n ń fi í pamọ́ fún yín. Bí èyí tí kò fi pamọ́ bá padà dé, ẹ má ṣe gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ fi í ṣọ́ yàrá ìkẹ́rùsí, kí ẹ sì pè é ní àánú. Ẹ má ṣe yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ kiri. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, èyí tí ó gba ipò òfin àtijọ́ tí ó ń pè wọ́n ní wèrè, kò fàyè gba kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àìsàn yìí.

Tíṣà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó kù, ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti dókítà. Nígbà tí o bá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́, kọ̀wé sí mi, kí o sọ agogo tí oorun ń dá lójú rẹ báyìí. Àbúrò mi ní kí n kí ọ. Ó ní bí o bá gba owó oṣù àkọ́kọ́, kí o sun òru méjì lé e kí o tó ná an.